Ọjọ́ Tí Àbúrò Mi Yóò Dé

Nínú ilé wa ní Bódìjà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọjọ́ tí yóò rin ìrìn-àjò. Mọ́mì ló ṣe òfin náà, a kò sì dìbò sí i. O lè sọ pé o ń lọ. O lè sọ ibi tí o ń lọ bí ó bá di dandan. Ṣùgbọ́n ọjọ́ gan-an, ìwọ àti Mọ́mì àti Ọlọ́run nìkan ló gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n. Bí ènìyàn bá bi ọ́, kí o dá ọjọ́ mìíràn fún un, kí o sì rẹ́rìn-ín sí i. Mọ́mì kì í pe èyí ní irọ́. Ààbò ni wọ́n ń pè é, ohùn tí wọ́n sì fi ń sọ ọ́ ni ohùn tí wọ́n fi ń ka Sáàmù ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ayé kò lè lúgọ de ènìyàn lọ́nà bí ayé kò bá mọ ọjọ́ tí ẹni náà máa kọjá.

Dádì ní òfin náà ti wà nínú ẹrù Mọ́mì nígbà tí àwọn fẹ́ wọn ní Èkìtì, kí iṣẹ́ ìjọba tó gbé àwọn méjèèjì wá sí Ìbàdàn. Dádì fúnra wọn kò lè pa nǹkan mọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ gẹ irun, gbogbo òpópónà wa ni yóò gbọ́. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní Sẹkitéríàtì, wọ́n ti rí ìdí igi furúùtù kan lẹ́yìn ilé wa tí àwọn bàbá ẹgbẹ́ wọn ti ń ka ìwé ìròyìn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń tú gbogbo àṣírí wa sí. Nítorí náà, bí Mọ́mì bá ní ọ̀rọ̀ tí kò gbọdọ̀ jáde, Dádì ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa á mọ́ fún.

Ẹnì kejì tí wọ́n ń pa ọ̀rọ̀ mọ́ fún ni Alhaja. Alhaja ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí géètì wa, òun sì ni ọ̀rẹ́ tí Mọ́mì fẹ́ràn jù ní gbogbo Ìbàdàn. Ohun tó ń ṣe Alhaja ni pé inú wọn dára jù. Bí wọ́n bá gbọ́ pé o ń lọ síbì kan, wọn yóò sọ fún gbogbo oníbàárà wọn kí wọ́n lè bá ọ ṣe àdúà, oníbàárà wọn sì pọ̀.

Mo rántí ọdún tí mo ń lọ ṣe àgùnbánirọ̀ lókè ọya. Mọ́mì sọ fún Alhaja pé ibà ń ṣe mí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ lọ, bí a ṣe ṣí géètì báyìí, Alhaja ló dúró síbẹ̀ pẹ̀lú fíláàsì ẹ̀kọ gbígbóná. Wọ́n wò mí, wọ́n wo báàgì mi. Báàgì náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó mi.

Mọ́mì kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. "Ibà yẹn ló le sí i," ni wọ́n wí. "A ń gbé e lọ sí ọsibítù."

"Pẹ̀lú báàgì?"

"Wọ́n lè dá a dúró síbẹ̀."

Alhaja gbé fíláàsì wọn dání. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, wọ́n wọlé tì mí, wọ́n gbé orí mi lé èjìká wọn, wọ́n ní kí Dádì máa wakọ̀ lọ kíákíá. Kí ni Dádì fẹ́ ṣe? Wọ́n wà wá dé ọsibítù lóòótọ́. Alhaja sáré wọlé, wọ́n ti àga oníkẹ̀kẹ́ kan jáde, wọ́n sì gbé mi sí i. Nọ́ọ̀sì fi nǹkan sí mi lábíyá, ó yọ ọ́ wò, ó ní ara mi tutù, kò sóhun tó ń ṣe mí. Alhaja ní iṣẹ́ ẹ̀kọ tí àwọn fún mi mu nínú ọkọ̀ nìyẹn, mo sì mu èyí tó kù tán lójú wọn. Ọkọ̀ tí mo fẹ́ wọ̀ ti lọ. Ọjọ́ kejì ni mo tó kúrò ní Ìbàdàn, Mọ́mì sì ní ṣé mo rí i báyìí pé Ọlọ́run kò fẹ́ kí n lọ lánàá.

Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ irú ilé tí àbúrò mi ti jáde. Èmi obìnrin àti òun ọkùnrin nìkan ni àwọn òbí wa bí. Ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ní ìlú òtútù kan lókè òkun, ó parí ẹ̀kọ́, ó rí iṣẹ́, ọdún sì ń gorí ọdún. Lọ́jọ́ tó ń lọ, inú yàrá rẹ̀ ni Mọ́mì ti ka òfin náà sí i létí fún ìgbà ìkẹyìn. Èmi ni mo ń bá a di báàgì, etí mi ló ṣe.

"Ìgbà tí o bá máa padà wálé, o ò gbọdọ̀ sọ ọjọ́ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹnikẹ́ni, Mọ́mì?"

"Ẹnikẹ́ni tí mo wí nìyẹn."

Ó dáhùn pé òun ti gbọ́. Àbúrò mi kì í ṣe ọmọ tí í jiyàn, èmi ni mo gba gbogbo ti ìyẹn nílé wa.

Nígbà tó wá tó àkókò tó fẹ́ wá sinmi nílé, ó pe Mọ́mì lórí fóònù, ó ní Ọjọ́bọ̀ ni òun máa wọ bàálù, ó sì dárúkọ bàálù náà fún wọn. Mọ́mì gba ọjọ́ yìí bí ẹni gba ẹyin, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í pín ọjọ́ mìíràn fún wa. Wọ́n sọ fún mi pé Sátidé ni yóò gbéra. Wọ́n sọ fún Dádì pé ó di oṣù tó ń bọ̀. Wọ́n sọ fún Alhaja pé ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì fún un láyè, bóyá nígbà Kérésì. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kàn ní kí ìjọ rántí ẹnì kan tó wà lójú ọ̀nà. Inú ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé, kálẹ́ńdà wa kò sì bára mu.

Mo ti ń fura tẹ́lẹ̀. Mọ́mì ti fọ kọ́tìnì yàrá àbúrò mi, wọ́n ti tún un lọ̀ bí aṣọ ìsìn. Iṣu kún ilé ìdáná, àwọn ńláńlá tí wọ́n ránṣẹ́ lọ gbé wá láti Èkìtì. Dádì bèèrè lọ́wọ́ wọn pé ta ló fẹ́ jẹ gbogbo iṣu yìí.

"Iṣu máa tó wọ́n," ni Mọ́mì wí.

Ọ́fíìsì kan ní Dùgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo kúrò níbi iṣẹ́, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ gbé mi dání ní Mọ́kọ́lá títí mo fi ń bá dẹ́rẹ́bà jà, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Oòrùn ti fẹ́ wọ̀ nígbà tí mo délé. Iná wà. Dádì jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ń mi orí.

Ìròyìn tí wọ́n ń sọ ni pé bàálù akérò kan ń fò kọjá lórí ilẹ̀ kan tí ogun ti ń jà, àwọn tó ń jagun nísàlẹ̀ sì yin àdó olóró lù ú. Wọ́n rò pé bàálù àwọn ọ̀tá ni. Èrò lásán ló wà nínú rẹ̀, tọmọdé tàgbà, kò sì sí ẹni tó yè é. Wọ́n ń fi oko ọkà kan tó tẹ́ lọ bẹẹrẹ hàn wá, èéfín ń jáde láàárín rẹ̀. Báàgì pupa kan wà létí oko náà, ó dúró ṣánṣán bí ẹni pé ẹnì kan rọra gbé e síbẹ̀, tó ní òun ń bọ̀.

"Wo ohun tí ọmọ aráyé ń ṣe," ni Dádì wí fún mi. "Àwọn tó ń lọ jẹ́jẹ́ wọn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ta ló máa wá lọ sọ fún àwọn ìyá wọn báyìí?"

Mọ́mì ti ilé ìdáná jáde pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, wọ́n ń gé ilá. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí Dádì ń wí. Lákòókò náà gan-an ni ẹni tó ń ka ìròyìn dárúkọ ìlú tí bàálù náà ti gbéra, ó sì dárúkọ bàálù náà. Mọ́mì dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n fi ọ̀bẹ lélẹ̀, wọ́n rọra jókòó tì í lórí símẹ́ńtì.

"Ọmọ mi wà nínú ẹ̀," ni wọ́n wí.

Dádì rò pé àánú ló ń ṣe wọ́n. "Àní gbogbo wọn lọmọ wa. Ká ṣáà dúpẹ́ pé tiwa di oṣù tó ń bọ̀."

"Òní ni. Ọjọ́bọ̀ òní ni. Mo pa á mọ́ fún yín ni."

Mo ní, "Mọ́mì, ẹ sọ fún mi pé Sátidé ni." Wọ́n ń wo báàgì pupa yẹn.

Dádì yọ awò ojú wọn. Wọ́n rọra sọ pé, "Èmi tí mo jẹ́ bàbá ẹ̀." Wọn kò bínú. Kí wọ́n bínú ì bá sàn fún mi. Wọ́n mú fóònù, wọ́n pe àbúrò mi. Obìnrin kan gbé e, ó ń sọ èdè tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò gbọ́, ó sọ ọ́ tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. A pè é, a tún pè é. Ní gbogbo ìgbà, obìnrin yẹn ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kórìíra ohùn rẹ̀ bí ẹni pé òun ló gbé ọmọ wa pamọ́.

Mo fẹ́ràn àbúrò mi. N kò sọ ọ́ fún un rí, nítorí mi ò rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ń bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n sí àbúrò nílé wa. Ohun tí a ń sọ ni "ṣé o ti jẹun" àti "wo orí rẹ". Òru ọjọ́ yẹn, mo sọ ọ́ fún kọ́tìnì yàrá rẹ̀. Nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀ lóru náà, ẹ jẹ́ kí ó wà níbi tó wà.

Alhaja gbọ́ igbe wa nígbà tí wọ́n ń jí fún àdúà àfẹ̀mọ́júmọ́. Wọ́n kọjá wá, ìborùn wọn kò tilẹ̀ jókòó dáadáa. Mọ́mì di ọwọ́ wọn mú, ohun tó sì kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé, "Mo ní ibi iṣẹ́ ò fún un láyè. Kì í ṣòótọ́."

"Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀," ni Alhaja wí. Wọ́n gbálẹ̀ àgbàlá wa, wọ́n ru bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀bù wọn wá, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù pa. N kò rí wọn kí wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù ní Ọjọ́ Ẹtì rí kó tó di àkókò Jímọ́ọ̀.

Kó tó di ọ̀sán, ìjọ ti kún ọ̀dọ̀ wa. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù, gbogbo wọn nínú sùtánà funfun, ẹsẹ̀ lásán lórí símẹ́ńtì. Wọ́n ń kọ orin jẹ́jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò mọ àbúrò mi rí, ó ti lọ kí wọ́n tó dara pọ̀ mọ́ ìjọ, síbẹ̀ wọ́n ń sunkún gidi. Dádì jókòó sí kọ̀rọ̀ kan. Àwọn bàbá ìdí igi furúùtù wá jókòó tì wọ́n, fún ìgbà àkọ́kọ́, wọn kò mú ìwé ìròyìn kankan dání.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò mi tó ìgbà tí mo lè sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni.

Kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ ló wọ bàálù. Ọjọ́rú ni. Ọjọ́rú ló gba ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ sí láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ti balẹ̀ sí Èkó ní Ọjọ́bọ̀ yẹn kí ìròyìn tó jáde, ó sì sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan níbi tí iná ti lọ láti òwúrọ̀. Líìnì òkè òkun tó wà nínú fóònù rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ níhìn-ín. Kò gbọ́ nǹkankan. Inú rẹ̀ ń dùn ṣáá pé òun máa yọ sí Mọ́mì lójijì. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó wọ mọ́tò wá sí Ìbàdàn, ó bọ́ sílẹ̀ ní Challenge, ó wọ takisí Máíkírà kan wá sí Bódìjà, ó ń wo ìta, ó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo nǹkan.

Ó dé ẹnu géètì, ó rí bẹ́ǹṣì. Ó rí aṣọ funfun, ó rí àwọn obìnrin tó ń nu ojú. Ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ẹnì kan ti kú nílé wa, kò sì lè jẹ́ ẹlòmíràn ju Dádì tàbí Mọ́mì lọ. Báàgì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó di irin géètì mú, ó bú sẹ́kún.

Arábìnrin kan nínú ìjọ, tí kò mọ̀ ọ́n rí, wá gbá a mọ́ra. "Ẹ mọ́kàn le, bọ̀dá. Bó ṣe ká gbogbo wa lára náà nìyẹn."

"Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀?"

"Àná ni. Bàálù tí wọ́n yìnbọn lù yẹn, ọmọkùnrin wọn wà nínú ẹ̀. Ó ń bọ̀ wá kí wọn láti òkè òkun."

Àbúrò mi ní òun gbìyànjú láti ronú. Ọmọkùnrin wọn kẹ̀? Òun nìkan ni ọmọkùnrin wọn. Àbí Dádì ní ọmọ mìíràn níta tí wọn kò sọ fún àwọn? Nínú ilé tí a kì í ti sọ ọjọ́ ìrìn-àjò, ìyẹn kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Ó ní òun tilẹ̀ sunkún díẹ̀ fún ẹni náà, pé ó mà ṣe o, òun kò ní mọ̀ ọ́n títí láé.

Alhaja ló kọ́kọ́ rí i. Wọ́n ń gbé omi bọ̀ fún àwọn èrò, wọ́n gbójú sókè, abọ́ omi sì yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, àní wọ́n wo bàtà rẹ̀ bóyá ó kanlẹ̀.

"Ṣé Kérésì ti dé ni?" ni wọ́n bi í.

Kò tíì dáhùn tí Alhaja fi gbá a lọ́rùn ọwọ́ mú. Wọ́n wọ́ ọ gba àárín àwọn aṣọ funfun kọjá, orin ń dákẹ́ lẹ́yìn wọn níkọ̀ọ̀kan, títí wọ́n fi gbé e dé iwájú Mọ́mì. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mọ́mì. Kí n tó lè ronú, mo ti wà nílẹ̀, mo ti di ẹsẹ̀ àbúrò mi mú, n kò sì fẹ́ jù ú sílẹ̀.

Mọ́mì fi ọwọ́ méjèèjì di ojú rẹ̀ mú. Wọ́n fọwọ́ kan etí rẹ̀, wọ́n fọwọ́ kan ọrùn rẹ̀.

"Ọjọ́bọ̀ lo sọ fún mi," ni wọ́n wí.

"Ẹ ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, Mọ́mì."

Dádì ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ní kọ̀rọ̀ tí wọ́n jókòó sí, ó sì ń ga sí i títí wọ́n fi dìde, tí wọ́n di òpó fáráńdà mú kí wọ́n má baà ṣubú. "Ẹnikẹ́ni," ni wọ́n ń wí. "Ó pa á mọ́ fún ìwọ náà. Ọlọ́run mi, ó pa á mọ́ fún ìwọ náà." Mọ́mì gbá àbúrò mi lẹ́yìn pàù, lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á mọ́ra, ẹkún àti ẹ̀rín sì dàpọ̀ lẹ́nu wọn tí a kò mọ èyí tí wọ́n ń ṣe.

N kò tíì rí irú ọ̀sán yẹn rí láyé mi. Orin tí ìjọ ń kọ yípadà, ó di èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ jó. Alhaja di gèlè mọ́ ìbàdí, wọ́n bọ́ sí ìdí odó, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gba ọmọ odó lọ́wọ́ àwọn. Jímọ́ọ̀ yóò dúró díẹ̀. Gbogbo iṣu Èkìtì yẹn ni a gún. Àwọn aláṣọ funfun jókòó sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n ń jẹ iyán ẹlẹ́ran ìgbẹ́, ọbẹ̀ sì ń ta sára sùtánà, kò sẹ́ni tó bìkítà. Arábìnrin tó tu àbúrò mi nínú ń fi ojú pamọ́ fún un, àbúrò mi sì ń lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó bá òun kẹ́dùn òun dáadáa. Dádì kò jẹun. Wọ́n ti jáde sí òpópónà, wọ́n ń sọ fún ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀ pé ọmọ àwọn ti dé, pé òní ló dé, pé ó wà nínú ilé lọ́wọ́lọ́wọ́.

Nígbà tí èrò dínkù, Mọ́mì tún gbé orí sókè bí olórí ilé. "Ẹ ti rí i báyìí," ni wọ́n wí. "Òfin mi ló yọ ọmọ yìí."

"Òfin rẹ ló pa á lánàá," ni Dádì dáhùn. "Ọjọ́ tó máa wọ bàálù ló wọ̀ ọ́. Kò sí ohun tí òfin yọ níbẹ̀."

Wọn ì bá máa bá a lọ báyìí títí di àṣálẹ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi, tí a ti sọ ìròyìn náà fún tán, dá sí ọ̀rọ̀ wọn. Ó ní bàálù òun gba ojú ọ̀run kan náà kọjá, ní ọjọ́ kan ṣáájú. Ó ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni òun jókòó sí, òun wo ìsàlẹ̀, òun rí oko ọkà kan tó lọ títí tó rẹwà, òun sì fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Mọ́mì fi òkèlè ọwọ́ wọn sílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi, gbogbo wa lọ ṣe ọpẹ́, Alhaja pàápàá tẹ̀lé wa dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n pe Mọ́mì síwájú láti jẹ́rìí. Gbogbo ìjọ ti múra àtẹ́wọ́ sílẹ̀, wọ́n ń retí bí Mọ́mì yóò ṣe ròyìn òfin ààbò wọn. Mọ́mì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Wọ́n wá ní, "Àwọn tó wà nínú bàálù yẹn náà níyàá. Wọ́n sọ ọjọ́ fún ìyá wọn, òótọ́ ni wọ́n sì sọ." Wọ́n tan àbẹ́là fún àwọn ìyá náà, wọ́n dúró tì í títí ó fi jó délẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n jókòó.

Ọ̀sẹ̀ tí ìsinmi àbúrò mi fẹ́ parí, Mọ́mì pè é sí yàrá. Mo wà níbẹ̀, mo máa ń wà níbẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo ń padà?"

"Ọjọ́rú, Mọ́mì."

"Ṣé òótọ́ ni?"

"Òótọ́ ni."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Èmi náà á sọ fún wọn."

Dádì ni wọ́n kọ́kọ́ sọ fún. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọjá lọ sí ṣọ́ọ̀bù iwájú, èmi lẹ́yìn wọn, wọ́n dúró láàárín àwọn oníbàárà, wọ́n ní, "Alhaja, Ọjọ́rú ni ọmọ mi ń padà." Alhaja wò wọ́n, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Bí Mọ́mì ṣe yíjú báyìí, Alhaja ṣẹ́jú sí mi. Wọ́n ń rán bùbá kan fún àbúrò mi láti gbé lọ, wọ́n sì fọkàn balẹ̀ ń rán an lọ, nítorí bí ìyá yẹn bá ti lè sọ pé Ọjọ́rú ni, a jẹ́ pé ó ṣì kù tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, a ṣí géètì, a ń gbé báàgì jáde. Alhaja ń ṣí ṣọ́ọ̀bù wọn lọ́wọ́. Wọ́n wo báàgì, wọ́n wo Mọ́mì.

"Ibà ló ń ṣe é ni?"

"Rárá," ni Mọ́mì wí. "Ó ń lọ."

Alhaja dúró bí ẹni tí wọ́n da omi tútù lù. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi," ni wọ́n wí, ohùn wọn sì dà bí ti ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Wọ́n sáré wọ ṣọ́ọ̀bù. Apá kan bùbá náà wà lára rẹ̀, apá kejì kò tíì sí. Wọ́n ká a pọ̀, wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú sí i, wọ́n kó o sí àbúrò mi láyà, wọ́n sì ṣe àdúà fún un lójú títì títí ojú wọn kò fi tó ọkọ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ tó gúnlẹ̀, ó pè wá lórí fídíò. Mọ́mì gba fóònù lọ́wọ́ mi.

"Mo ti dé, Mọ́mì."

"Kọjú fóònù sí fèrèsé kí n rí i."

Ó kọjú ẹ̀ sí fèrèsé. Yìnyín bo gbogbo ìta, ó funfun ju sùtánà lọ.

"Kọjú ẹ̀ sí ara rẹ."

Ó kọjú ẹ̀ sí ara rẹ̀. Ó ti wọ bùbá Alhaja, apá kan wà nínú aṣọ, apá kejì wà níta nínú òtútù ilé rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Mọ́mì wò ó pẹ́. Wọ́n dá fóònù padà fún mi, wọ́n wọ sálúbàtà wọn, wọ́n jáde lọ sí ẹnu géètì. Dádì wà níbẹ̀ pẹ̀lú Alhaja, àwọn méjèèjì kọjú sí wọn.

"Ọmọ mi ti dé," ni Mọ́mì wí.

"Ìgbà wo?" ni Alhaja bi wọ́n.

"Báyìí," ni Mọ́mì wí. "Báyìí gan-an ni."